Àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò sí Janjira, ìlú orí àpáta tí àwọn Siddi jọba lé

Ọjọ́ Ajé, Mumbai

Ẹni tó bá ń lọ sí Janjira, odi orí àpáta láàárín omi níhà gúúsù Mumbai ní Íńdíà, Mumbai ni kó ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá jù lọ ní Sewri àti Mazagon, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba kékeré yìí ti fi ojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí màbo. Ní ọdún 1689, Siddi Qasim, ẹni tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Yakut Khan, kó ọkọ̀ ogun wá, ó gúnlẹ̀ sí Sewri, kò sì pẹ́ tí Mazagon fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn ará East India Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, sá wọnú odi wọn, wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́rí. Ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: John Child, gómìnà wọn, ti ń gba ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Mughal lójú òkun, Aurangzeb, ọba Mughal, ìjọba tó lágbára jù ní Íńdíà nígbà náà, sì ní kí Siddi lọ bá òun kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Inú ìsàgatì yẹn ni Child kú sí ní oṣù kejì ọdún 1690. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ lọ bẹ Aurangzeb, wọ́n san owó ìtanràn 150,000 rúpì, Yakut Khan tó wá palẹ̀ mọ́ ní oṣù kẹfà. Kó tó lọ, ó dáná sun odi Mazagon.

Odi Sewri ṣì wà. Ọkọ̀ ojú irin Harbour Line ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sọ̀ ní ibùdó Sewri, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sápá ìlà-oòrùn, níbi tí omi wà. Ti Mazagon kò ku nǹkan kan. Ọgbà ìgbafẹ́ Joseph Baptista, lórí òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó Dockyard Road, ló wà níbi tí odi náà wà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ ẹ gun òkè náà. Ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀, ọkọ̀ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ní èbúté, ojú rẹ̀ ló wà. Ẹ ó rí ìdí tí Siddi fi yan ibẹ̀, tí kò lọ kọlu odi ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tààrà.

Ta wá ni àwọn Siddi? Ọmọ Áfíríkà ni wọ́n, láti agbègbè Etiópíà àti etíkun ìlà-oòrùn. Kì í ṣe apá ọ̀dọ̀ tiwa o, kí ẹnikẹ́ni má lọ wá wọn kiri nínú ìtàn Ọ̀yọ́. Wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn lẹ́rú kọjá òkun. Àwọn mìíràn wá gẹ́gẹ́ bí atukọ̀ àti jagunjagun. Láàárín àwọn ìjọba Mùsùlùmí ilẹ̀ Deccan, ní àárín gúúsù Íńdíà, nígbà náà, ẹrú lè di ọ̀gágun, ọ̀gágun sì lè di ẹni tó ń fi ọba jẹ. Malik Ambar, tí wọ́n tà lẹ́rú láti kékeré, ló wá di ẹni tí gbogbo àṣẹ ìjọba Ahmadnagar wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú ní 1626. Ahmadnagar yìí náà ló fi àwọn Siddi ṣọ́ Janjira. Ẹni tí àwọn òpìtàn sábà máa ń kà sí olórí ìdílé ọba ibẹ̀ ni Siddi Ambar, tó jọba láti 1621 sí 1642. Òun kọ́ ni Malik Ambar. Ọ̀pọ̀ ìwé afọ̀nàhàn ló ń da àwọn méjèèjì pọ̀.

Nígbà tí Ahmadnagar wó ní 1636, etíkun náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Bijapur. Bijapur fi Siddi sílẹ̀ síbẹ̀ lórí àdéhùn kan: kó máa dáàbò bo ọkọ̀ òwò àti ọkọ̀ àwọn tó ń lọ ṣe hájì ní Mẹ́kà. Bí olórí Janjira bá sì kú, ọmọ rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Igbá kejì nínú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun ló ń bọ́ sípò, àwọn ìjòyè tí wọ́n ń pè ní sardar ló sì ń fọwọ́ sí i. Lójú wa, ìlànà yìí ló gbé Janjira ró ju òkúta odi rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ lé e, apá ẹnikẹ́ni kò ká wọn. Nígbà tí ọmọ bàbá kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í du àga ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mandwa àti Alibag

Ọkọ̀ ojú omi máa ń gbéra ní Gateway of India lọ sí Mandwa; ó tó wákàtí kan. Owó bọ́ọ̀sì láti Mandwa dé Alibag, nǹkan bí kìlómítà 20, sábà máa ń wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà, nítorí náà ẹ má ju ìwé yẹn nù bí ẹ bá ti sọ̀. Ẹni tó bá ní mọ́tò, ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò kọjá wà ní èbúté Bhaucha Dhakka ní Mumbai. Bí oṣù kẹfà bá ti wọlé, òjò àti ìgbì á lé àwọn ọkọ̀ Gateway kúrò lójú omi títí di nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Odi Janjira fúnra rẹ̀ kì í gba àlejò lásìkò náà. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù.

Òjò kan náà yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín Siddi, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Shivaji ọba àwọn Maratha. Ọkọ̀ onígi kò lè dúró lójú òkun gbalasa ní àkókò òjò. Siddi, tó ti di olórí ọkọ̀ ogun Mughal nígbà náà, á kó ọkọ̀ rẹ̀ wá sá òjò sí Mazagon. Kò dùn mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú, ṣùgbọ́n òwò wọn ní ìlú èbúté Surat wà lábẹ́ Aurangzeb, wọn kò lè sọ pé rárá. Shivaji sì ń fajú ro pé wọ́n ń gba ọ̀tá òun lálejò. Nígbà tó di 1679, ó lọ mọ odi sí erékùṣù Khanderi, kó lè máa ṣọ́ ẹni tó ń wọ Bombay, ìyẹn Mumbai. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ, Siddi náà gba Underi, erékùṣù kejì rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1680, ó kó ìbọn àgbá sí i, ó dojú rẹ̀ kọ Khanderi. Láti etíkun Thal, níhà àríwá Alibag, ẹ lè rí méjèèjì. Èyí tó ní ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ni Khanderi.

Ní Alibag, odi Kolaba ni kí ẹ wò. Ibùjókòó Kanhoji Angre ni, olórí ọkọ̀ ogun Maratha tó kú ní 1729, tí òun àti Siddi kì í fojú rere wo ara wọn. Bí òkun bá fà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wọ ibẹ̀. Bó bá kún, àfi ọkọ̀. Ẹ béèrè àsìkò tí òkun máa fà lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì rántí pé lójoojúmọ́ ló ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i. Àsìkò àná kò wúlò fún tòní. Ẹni tí omi bá bá nínú odi, kó jókòó dúró tàbí kó wá ọkọ̀. Kó má dán an wò pé omi kò ju orúnkún lọ.

Ọjọ́rú, ọ̀nà Murud

Alibag sí Murud jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 50. Bọ́ọ̀sì ìjọba wà, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní ST. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí, níbẹ̀ ni òkun wà.

Ní Revdanda, títì gba àárín odi àwọn Potogí kọjá. Chaul ti àwọn Potogí nìyẹn, tí ogun Ahmadnagar sàga tì ní 1570 sí 1571 tí wọn kò rí i gbà. Ọdún tí wọ́n ń fi òkúta mọ odi Janjira, láti 1567 sí 1571, bọ́ sí àárín ìjà yìí gan-an. Ẹni tí Potogí ń dà láàmú lórí omi kò lè máa gbára lé ọgbà onígi.

Ẹ má sọ̀ ní Korlai àfi bí ọjọ́ bá pọ̀ fún yín. Odi wà lórí òkè tó yọ sínú òkun, ó dára láti wò. Ní abúlé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn Kristẹni ibẹ̀ ṣì ń sọ èdè kan tí wọ́n fi Potogí àti Marathi lú pọ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta tí àwọn Potogí ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Siddi kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, inú odi

Láti Murud, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló máa gbé yín dé Rajapuri, nǹkan bí kìlómítà 5 síhà gúúsù. Ẹ tètè dé. Oòrùn ọ̀sán kò ṣe é fara dà nínú odi tí igi kò pọ̀ sí, èrò sì máa ń wọ́ débẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun onígi ni wọ́n ń lò ní Rajapuri, ìgbòkun onígun mẹ́ta kan ṣoṣo ló sì ń wà á. Kì í gbéra àfi bí èrò bá kún. Ìrìn náà kò ju ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ bí afẹ́fẹ́ bá gbè é. Láti Dighi, ní òdìkejì ẹnu odò, ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì wà.

Ẹ wo bí odi ṣe ń súnmọ́ yín. Ó ga tó nǹkan bí mítà 12, ó yọ láti inú omi gọ́ọ́gọ́, ilé ìṣọ́ ribiti 19 ló yí i ká. Kò sí iyanrìn ní ìdí rẹ̀, kò síbi tí ọmọ ogun lè dúró sí láti gbé àkàbà. Ẹnu ọ̀nà kò sì hàn. Àárín ilé ìṣọ́ méjì ni wọ́n fi í pamọ́ sí, títí ọkọ̀ yóò fi dé nǹkan bí mítà 12 sí i lẹ ó máa rò pé ògiri lásán lẹ ń lọ bá. Ọ̀tá tó bá wá dé ibi tó ti lè rí ilẹ̀kùn, ìbọn ti wà lórí rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ibi tí àlejò ti ń ṣubú jù ni àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Atukọ̀ kan á fọwọ́ di òkúta mú, èkejì á máa fi ọ̀pá gbé ọkọ̀ dúró, ìgbì á sì máa gbé ọkọ̀ sókè, á máa sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ dúró de ìgbà tó bá gbé e dé òkè pátápátá, kí ẹ tó fẹsẹ̀ sọdá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn tó fi èkejì sílẹ̀ sínú ọkọ̀, bó bá tún ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó di pé kó ya sí méjì. Àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ tí omi ń bò máa ń ní ewéko tútù tó ń yọ̀. Bàtà onírọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo.

Lára ògiri ẹnu ọ̀nà, ẹ ó rí òkúta gbígbẹ́ kan: ẹranko bí ẹkùn, ó tẹ àwọn erin mọ́lẹ̀ lábẹ́ èékánná rẹ̀. Àwọn erin náà kéré bí ọmọ ajá. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò ṣàṣìṣe nípa ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ fún àwọn ọba tí wọ́n ní erin.

Atukọ̀ kì í fún yín ju ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan lọ, odi náà sì gba éékà 22. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wò ó dáadáa, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbéra pé ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ máa bá padà. Kò sóúnjẹ nínú rẹ̀, kò sí omi mímu tí ẹ lè rà, ẹ gbé omi tó tó lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ gun orí odi lọ síbi ìbọn àgbá, nítorí oòrùn. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ibi adágún, kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ààfin tó ti wó lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹnu ọ̀nà kékeré yẹn kọjú sí òkun gbalasa. Ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà sá bí iwájú bá ti bọ́, ibẹ̀ náà sì ni oúnjẹ àti ẹ̀tù lè gbà wọlé nígbà tí ọ̀tá bá jókòó sí Rajapuri.

Ìbọn mẹ́ta ni gbogbo èèyàn ń wá: Kalalbangdi, Chavri àti Landa Kasam. Wọ́n ní Kalalbangdi wúwo tó tọ́ọ̀nù 22, wọ́n sì ní ọta rẹ̀ ń lọ kìlómítà 12. Ti ìwúwo, ẹni tó bá rí i lè gbà. Ti kìlómítà 12, ẹ fi sílẹ̀ fún afọ̀nàhàn. Ìbọn ayé ìgbà náà kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Kò tiẹ̀ nílò rẹ̀. Láti orí odi sí etíkun Rajapuri kò ju nǹkan bí mítà 800 lọ, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wá jà gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni adágún méjì tí omi wọn kì í ṣe oníyọ̀, tí wọ́n jìn tó nǹkan bí mítà 18, wà láàárín òkun oníyọ̀. Àwọn afọ̀nàhàn á ní iṣẹ́ ìyanu ni. Ẹni tó bá ti rí bí òjò ṣe ń dà ní Konkan, etíkun yìí, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án kò ní wá iṣẹ́ ìyanu kiri. Ṣùgbọ́n omi yìí ni ẹ̀mí odi náà. Òkè odi púpọ̀ nílẹ̀ Maratha ni òùngbẹ ti lé àwọn tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ti Janjira kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sàga tì í ní oṣù kejìlá á máa ka ọjọ́, nítorí bí òjò bá ti dé, ọkọ̀ tirẹ̀ ni kò ní ríbi dúró sí, àwọn tó wà nínú odi á sì máa gbọ́ bí adágún wọn ṣe ń kún.

Báwo ni Siddi ṣe wọbẹ̀ nígbà náà? Àwọn apẹja Koli ló kọ́kọ́ ní in. Rama Patil, olórí wọn, fi igi ṣe ọgbà yí àpáta náà ká ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún nítorí àwọn olè orí omi, kò sì fẹ́ tẹríba fún Ahmadnagar mọ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Piram Khan, ọ̀gá tí Ahmadnagar rán, dé bí oníṣòwò, ó bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun láyè láti sùn, ó fi ọtí ṣe àwọn Koli lálejò, nígbà tí ọtí pa wọ́n tán, àwọn ọmọ ogun tó kó pa mọ́ sáàárín ẹrù yọ síta. Ohun tó dájú ni pé Janjira kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nípa ogun láti ìgbà tó ti di odi òkúta. Láti 1659 ni Shivaji ti ń rán ogun sí i lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i gbà jù ni 1670. Fateh Khan, olórí Janjira, ti rẹ̀. Shivaji ṣèlérí ilẹ̀ fún un, ó sì ti ń múra láti gbé odi lé e lọ́wọ́. Àwọn Siddi mẹ́ta tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, Sambal, Qasim àti Khairiyat, gbọ́, wọ́n dì í mú, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Aurangzeb. Ọba Mughal gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀: ó fún wọn lówó láti inú owó Surat, ó fún wọn ní oyè Yakut Khan. Sambal di olórí ọkọ̀ ogun, Qasim gba Janjira, Khairiyat gba àkóso ilẹ̀ tí wọ́n ní létíkun. Níbòmíràn, ìdílé Fateh Khan ni ìbá máa jagun gbẹ̀san. Níbí, kò sí ìdílé tó ni àga, nítorí náà wọ́n yọ ẹni tí kò lè ṣe é mọ́, iṣẹ́ ń lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, Rajapuri àti Khokri

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ Rajapuri máa ń dúró ní àkókò ìrun ọ̀sán, nítorí Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ atukọ̀ ibẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ á dé ní agogo méjìlá, wọ́n á máa bínú létí omi. Ẹ fi ọjọ́ yìí sílẹ̀ fún ilẹ̀.

Danda-Rajpuri, odi tó wà lórí ilẹ̀ ní òdìkejì Janjira, ni ibi tí ogun ọdún 1671 ti ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ Maratha ló wà nígbà náà. Ní òru ọjọ́ ọdún Holi, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń mutí, Khairiyat kó nǹkan bí 500 ọmọ ogun gba orí ilẹ̀ lọ pariwo níhà kan kí gbogbo wọn lè sáré síbẹ̀. Qasim gba ojú omi wá pẹ̀lú àkàbà okùn, ó gun odi níhà kejì. Ilé ẹ̀tù gbiná láàárín ìjà náà, ó pa tọ̀tún tòsì.

Sambhaji, ọmọ Shivaji, gbìyànjú ọgbọ́n méjì. Ní 1681 ó rán Kondaji Farzand wọnú Janjira bí ẹni tó sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kó lè dáná sí ilé ẹ̀tù. Àṣírí tú, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ní 1682 ó ní kí wọ́n kó òkúta sínú omi láti Rajapuri títí yóò fi di ọ̀nà tí ogun lè rìn dé erékùṣù. Ẹ dúró sí èbúté nígbà tí òkun bá ń fà, kí ẹ wo bí omi ẹnu odò ṣe ń sáré jáde. Omi yẹn ló ń gbé òkúta wọn. Kí iṣẹ́ tó jìnnà, ogun Mughal ti ya wọ Konkan, Sambhaji kó ogun rẹ̀ padà lọ gba ilé.

Láti Rajapuri, Khokri kò jìnnà, kẹ̀kẹ́ Márúwá lè dúró dè yín níbẹ̀. Sàréè mẹ́ta tí wọ́n fi òkúta kọ́, tí orí wọn rí róbótó, ló wà níbẹ̀. Àwọn méjì tó kéré jẹ́ ti Qasim Yakut Khan, tó kú ní nǹkan bí 1706, àti ti Khairiyat Khan arákùnrin rẹ̀ tó kú ní 1696. Èyí tó tóbi jù ni ti Surul Khan, tó jọba láti 1707 títí di nǹkan bí 1733, tó sì kọ́ ọ fún ara rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Ẹ sún mọ́ ojú fèrèsé òkúta rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lára lọ́nà bátánì: ihò kan kì í bá èkejì ṣe bákan náà bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó. Wọ́n fi owó abúlé kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú sàréè náà àti fún àwọn tó ń ka Kùránì síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Ìwọ̀n àwọn sàréè yìí ti tó láti sọ ohun tó yí padà. Qasim tó lé Gẹ̀ẹ́sì wọnú odi, sàréè kékeré ló ní. Surul Khan ṣe bí ọba tó ń dá ìdílé sílẹ̀, ó sì bí ọmọkùnrin púpọ̀. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ náà pa Abdullah tó jẹ́ àkọ́bí. Abdul Rahman, ọmọ Abdullah, wá di ẹni tí Peshwa Bajirao, olórí ìjọba Maratha, ń tì lẹ́yìn láti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1733 kan náà, Raigad, olú-ìlú Shivaji tẹ́lẹ̀ tí Siddi ti ń ṣọ́ fún Mughal, bọ́ padà sọ́wọ́ Maratha. Ní oṣù kẹrin 1736, Chimaji Appa, àbúrò Bajirao, pa Siddi Sat, ọ̀gágun Janjira, lójú ogun nítòsí Rewas. Àdéhùn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ó sì fi Abdul Rahman sórí oyè. Odi kò wó rárá. Àwọn ará ilé ló ṣílẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Padmadurg

Kò sí ọkọ̀ tó ń lọ déédéé sí Padmadurg, odi mìíràn tó wà láàárín omi. Ẹ bá àwọn apẹja Koli dúnàádúrà ní Murud, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda, kí ẹ sì má lọ bí afẹ́fẹ́ bá le, nítorí kò sí èbúté gidi níbẹ̀.

Shivaji ló kọ́ odi yìí ní nǹkan bí 1676, ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Janjira, láti máa fi ṣọ́ Siddi. Ẹ lọ síbi ògiri tí ìgbì ń lù, kí ẹ fọwọ́ kàn án. Òkun ti jẹ òkúta wọnú, ṣùgbọ́n amọ̀ ẹfun tí wọ́n fi so òkúta pọ̀ ṣì yọ síta bí afárá oyin. Òkúta ló kú, amọ̀ ló kù.

Ìtàn Lay Patil, ọkùnrin Koli kan, kò yẹ kó sọnù. Wọ́n ní òun ló fi òru gbé àkàbà lọ fi ti odi Janjira ní 1676, kí ogun Moropant, olórí ìjòyè Shivaji, lè gùn ún. Ogun náà kò dé lásìkò, ilẹ̀ mọ́, ó kó àkàbà rẹ̀ padà. Shivaji fẹ́ fún un ní àga tí wọ́n fi ń gbé ìjòyè kiri lójú títì. Ó ní kí lòun fẹ́ fi ṣe lójú omi. Wọ́n wá fún un ní ọkọ̀, wọ́n sọ ọkọ̀ náà ní Palkhi, orúkọ àga yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, Murud

Ìjà oyè tún dé ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Balu Miyan ni ọmọ ẹni tó jọba kọjá. Siddi Johar sì ni odi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1791, Balu Miyan gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí Janjira fún Peshwa, Peshwa fún un ní Sachin, nítòsí Surat, ó sì di Nawab, ìyẹn ọba, ibẹ̀. Peshwa rò pé òun ti ra Janjira. Johar kò jáde. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àwọn Siddi ṣe ní ìjọba méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tún ní Jafarabad lókè òkun ní Kathiawar, tó ti wà lábẹ́ Janjira láti 1759.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò yìnbọn kan kí wọ́n tó gba ohun tí Maratha fi ogun wá tì. Ní 1834 wọ́n ní Janjira wà lábẹ́ àwọn, wọ́n sì ti ilé tí wọ́n ti ń rọ owó ẹyọ, nítorí owó náà kò pójú ìwọ̀n mọ́. Lẹ́yìn 1867 wọ́n gba ẹjọ́ ọ̀daràn kúrò lọ́wọ́ Nawab Ibrahim Khan pé kò lè ṣàkóso, wọ́n fi aṣojú tiwọn síbẹ̀. Nígbà tó kú ní 1879, Ahmad Khan ọmọ rẹ̀ jẹ oyè ní kékeré. Òun ló kọ́ ààfin Ahmedganj lórí òkè lẹ́yìn Murud, òun náà ló fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú láti Garambi. Ìbọn 11 ni wọ́n ń yìn láti fi yẹ́ Nawab Janjira sí, ti Sachin jẹ́ 9. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 840 níbùú lóòró, àwọn èèyàn rẹ̀ lé díẹ̀ ní 100,000 ní 1931.

Ahmedganj kò ṣe é wọ̀. Ilé àdáni ni, ọwọ́ ìdílé ló wà. Ẹ yà á ní fọ́tò láti ojú títì, kí ẹ má bá ẹ̀ṣọ́ fa ọ̀rọ̀.

Ahmad Khan kú ní 1922. Muhammad Khan ọmọ rẹ̀ kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, nítorí náà ìyá rẹ̀, Kulsum Begum, ló dele dè é títí di 1933. Muhammad Khan ló fọwọ́ sí ìwé tí Janjira fi wọ Íńdíà, ìjọba náà sì parí ní oṣù kẹta ọdún 1948, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ Bombay. Jafarabad wà ní Gujarat báyìí. Ilẹ̀ tó kù ni Murud, Mhasla àti Shrivardhan, ní àgbègbè Raigad, orúkọ odi tí Siddi pàdánù ní 1733. Muhammad Khan kú ní 1972, ọdún kan lẹ́yìn tí ìjọba Íńdíà fòpin sí owó tí wọ́n ń san fún àwọn ọba àtijọ́.